Ọmọ mi ní òun fẹ́ ṣe òṣèlú nílùú Ọba bíi Kemi Badenoch, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Àkọ́bí mi ti pé ọdún 17, òṣèlú ló ní òun fẹ́ ṣe, bàbá ẹ̀ ní dókítà ni kó lọ kà. Ṣé ọ̀nà wà fún ọmọ wa lóòótọ́ àbí ẹni tó bá léèyàn nìkan?

Ẹ̀gbọ́n Croydon: Ọ̀nà wà, àmọ́ kò sí àbùjá níbẹ̀ o. Kemi yẹn, Wimbledon ni wọ́n bí i sí ní 1980, Èkó ló gbé dàgbà, ó padà wá lọ́mọ ọdún 16, ó ń ṣiṣẹ́ ní McDonald's ó tún ń ka A level, kọ̀ǹpútà ló kà ní Sussex kó tó tún lọ ka lọ́ọ̀. 2005 ló wọ pátì Conservative. Ó díje ní Dulwich ní 2010, Tessa Jowell ti pátì Labour ló wọlé. 2012 wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sórí lísìtì fún London Assembly, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ méyọ̀ London, kò tún wọlé, ṣùgbọ́n lísìtì yẹn gan-an ló gbé e wọlé ní 2015 nígbà táwọn tó ṣáájú ẹ̀ lórí lísìtì lọ sílé aṣòfin. 2017 lòun náà di MP, ìyẹn ọmọ ilé aṣòfin, 2019 mínísítà kékeré, 2022 wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ òwò òkèèrè, November 2024 ó di olórí pátì. Torí náà kí ọmọ yín wọ pátì tó bá wù ú báyìí, kó máa bá wọn pín ìwé káàkiri ojúlé. Tó bá pé 18 ó lè díje fún kánsẹ́lọ̀.

Àǹtí Peckham: Ẹ má gbàgbé pépà o! Wọ́n bí Kemi ṣáájú 1983, ìgbà yẹn tí wọ́n bá ti bí ẹ síbí o ti di ọmọ ìlú nìyẹn. Báyìí ó dìgbà tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ti ní indefinite, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibí láìní gbèdéke. Àwa tá a wà lórí vísà náà lè dìbò torí Commonwealth ni wá, orí gov.uk lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wa yìí náà wọ́n ń gbà á níbi ìdìbò.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Háà! Vísà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà nígbà tí mo bí i, kò sì tíì ní pásípọ́ọ̀tù ibí, àmọ́ kò kúrò níbí rí.

Àǹtí Peckham: Form T ni kẹ́ ẹ wá, òun ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ìlú, fún ọmọ tí wọ́n bí síbí tó sì gbé ibí títí ó fi pé ọdún 10. Ẹ kó lẹ́tà iléèwé ẹ̀ àti ti GP, dókítà àdúgbò ẹ̀, jọ láti kékeré.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Mo ń lọ tú àpótí báyìí. Olúwa á bá mi bù kún yín.