"Mímí" kọ́ ni ìwúkàrà ń mí nínú ẹmu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pe ọ̀nà méjèèjì tí ohun abẹ̀mí ń gbà yọ agbára nínú súgà ní "mímí aláfẹ́fẹ́" àti "mímí aláìláfẹ́fẹ́". Mi ò fara mọ́ ọn.

Imú àti ẹ̀dọ̀fóró ló ni mímí. Ìwúkàrà kò ní méjèèjì, síbẹ̀ ó ń fọ́ súgà inú ẹmu, ó sì ń rí agbára níbẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì niṣẹ́ yìí wà. "Ìyọgbára" ni mo fara mọ́. (Ká má sọ ọ́ di "ìyágbára" o, wọn á rò pé a lọ yá agbára lọ́wọ́ ẹnìkan ni.)

"Afẹ́fẹ́" náà kò bá a mu. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 lọ, òun nìkan lọ̀rọ̀ sì kàn. Ìyọgbára ọlọ́síjìn àti ìyọgbára aláìlọ́síjìn ló yẹ. Nínú ti àkọ́kọ́, glúkósì (irú súgà kan) 1 àti ọ́síjìn 6 á di kábọ́nì dáyọ́ksáìdì 6 àti omi 6. ATP, ìyẹn èròjà agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, á tó 30 sí 32 (àwọn ìwé àtijọ́ ń kọ 36 tàbí 38). Nínú ìkejì, ATP 2 péré ni. Ìwúkàrà á mú ethanol (ọtí inú ẹmu) 2 àti kábọ́nì dáyọ́ksáìdì 2 jáde, ìyẹn ló ń mú ẹmu hó. Iṣan ẹni tó ń sáré àsápajúdé kò mú gáàsì kankan jáde lọ́nà yìí, ásíìdì láktíìkì nìkan ni.

Àwọn kan tún ní "kíkan" ti wà nílẹ̀ fún ìyọgbára aláìlọ́síjìn, kí la tún ń wá? Ibi tó ta kókó gan-an nìyí. Ògì ń kan nítorí bakitéríà tó ń ṣe ásíìdì láktíìkì, tí kò nílò ọ́síjìn. Ẹmu tó kan gógó bíi fínígà ńkọ́? Bakitéríà mìíràn ló sọ ethanol inú rẹ̀ di ásíìdì asẹ́tíìkì, kò sì lè ṣe é láìsí ọ́síjìn. Ẹ di ẹnu agbè pinpin, kíkan yẹn á falẹ̀. Ohun tí ahọ́n gbọ́ ni "kíkan" ń sọ, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan. Bakitéríà inú ẹrẹ̀ àbàtà tó ń fi sọ́fẹ́ètì (èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú) rọ́pò ọ́síjìn, tí ẹrẹ̀ fi ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, òun gan-an ló ni "ìyọgbára aláìlọ́síjìn" ní yunifásítì. Ìwé sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ girama ló pa á pọ̀ mọ́ ti ìwúkàrà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ti ìwúkàrà, tí "kíkan" kò sí nínú rẹ̀, kó gbé e wá.