Ráútà tí mo fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì ló ń wọ́ báyìí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abu Rukayat: Ẹ̀yin ará, àsàlámù àlékùn. Èmi ni mo ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé kan ní Tanke, n'Ílọrin. Onílé kò jẹ́ kí n sinmi, àwọn ọmọ sì ń pè mí ní olè, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan láàárín wọn ló ń jẹ dátà gbogbo wọn. Mo wá ní kí ráútà MikroTik mi máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí n lè fi Wireshark, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohun tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì kọjá hàn, yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọlọ́jẹ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé packet sniffer (irinṣẹ́ inú ráútà tó ń ṣe ẹ̀dà dátà, tó sì lè fi í ránṣẹ́ síbòmíràn) lẹ lò ni, àbí swíìṣì inú ráútà (ẹ̀yà tó so àwọn ihò okùn rẹ̀ pọ̀) lẹ ní kó ṣe ẹ̀dà? Níbo sì ni kọ̀ǹpútà tó ń gbà á wà?

Adé Ọmù-Àrán: Ó ṣẹlẹ̀ sí wa rí níléèwé. Port (ihò okùn) 1 Gbps, ìyẹn bílíọ̀nù bit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lè gbé 1 Gbps lọ, kó sì gbé 1 Gbps bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n port tí ẹ̀dà méjèèjì ń gbà jáde kò lè gbé ju 1 Gbps lọ, ìyókù á sì dànù. Ẹ ṣe ẹ̀dà apá kan ṣoṣo, àlọ tàbí àbọ̀.

Alhaja Àdetà: Ṣé àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ẹ ń ṣọ́ wọn? Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ń bẹ nílẹ̀ yìí.

Abu Rukayat: Alhaja, èmi ni mo ni ráútà. HTTPS, ìlànà tó ń fi kóòdù bo ohun tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ àti wẹ́ẹ̀bù, sì ti bo ọ̀rọ̀ wọn, n kò lè kà á.

Alhaja Àdetà: Ibi tí wọ́n ń lọ hàn sí yín, ìyẹn náà sì jẹ́ àṣírí wọn. Ẹ sọ fún wọn.

Abu Rukayat: Packet sniffer ni mo lò. Ọ̀ffà ni kọ̀ǹpútà náà wà, nílé mi.

Ọmọ Ọlọ́jẹ: Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́! Gbogbo ohun tí àwọn ọmọ bá gbà wálẹ̀ ni ráútà yín tún ń kó gba ojú ọ̀nà kan náà lọ sí Ọ̀ffà, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà ìfiránṣẹ́ máa ń tóóró ju ti ìgbàwálẹ̀ lọ. Ẹ pa á báyìí. Traffic Flow, irinṣẹ́ mìíràn inú MikroTik, ni kí ẹ tàn, nítorí àkópọ̀ nìkan ló ń fi ránṣẹ́: ẹ̀rọ wo ló bá ibo sọ̀rọ̀, àti bí dátà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Adé Ọmù-Àrán: Swíìṣì dára jù, kò ní da ráútà láàmú.

Ọmọ Ọlọ́jẹ: Ó dára, bí kọ̀ǹpútà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Tanke. Kò lè gbé e dé Ọ̀ffà.

Abu Rukayat: Mo ti pa á, nẹ́tíwọ̀kì sì ti já geere. Ṣé Traffic Flow yóò fi ẹni náà hàn mí?

Ọmọ Ọlọ́jẹ: IP ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, ni yóò fi hàn. Ẹ fi queue, ètò inú ráútà tó ń díwọ̀n bí dátà ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára tó, pín dátà dọ́gba fún gbogbo wọn, ẹ ò tiẹ̀ ní nílò láti mọ orúkọ rẹ̀.