Ẹ̀yin tí ẹ ti so fídíò àti tépù mọ́ home theatre, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìtòkò: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ fídíò Bàbá wa ṣì ń ṣiṣẹ́, tépù oníkásẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ so wọ́n mọ́ rísífà home theatre (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àti àwòrán láti ara àwọn ẹ̀rọ yòókù, tó sì ń pín wọn) tó wà ní pálọ̀, kí n lè gba kásẹ́ẹ̀tì ìnáwó ìdílé wa sórí DVD. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi sọ ọ́.

Àtúnṣe Pánséke: Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyí. Wáyà ọ̀nà kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Díkódà ń sọ̀rọ̀ ni, kì í gbọ́: ó ń gbé àwòrán àti ohùn jáde, kì í gba ti ẹ̀rọ míì wọlé. Ẹ̀rọ tó ń gba nǹkan sílẹ̀ ń sọ, ó sì ń gbọ́. Torí náà, wáyà kan á lọ, òmíràn á bọ̀: láti REC OUT (ihò tí ohun tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ ń gbà jáde) lẹ́yìn rísífà sí IN ẹ̀rọ, láti OUT ẹ̀rọ padà sí IN rísífà. Yẹ́lò ni àwòrán, pupa ni ohùn ọ̀tún, funfun ni ti òsì. Rísífà míì kọ TAPE OUT tàbí VCR OUT síbẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ẹ ṣáà má lo PRE OUT o, ihò tí wọ́n fi ń gbé ohùn lọ sínú ańpílífáyà míì. Ohùn ibẹ̀ ń tẹ̀lé fólúùmù. Bí ẹnì kan bá yí i sílẹ̀ torí ó fẹ́ gbé fóònù, ohun tí ẹ ń gbà sílẹ̀ náà lọ sílẹ̀ nìyẹn. REC OUT kò mọ̀ pé fólúùmù wà rárá.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rọ̀: Báyẹn gan-an la ṣe fà á. Ohùn ń dún kanlẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Ẹni tó wá wò ó ní tẹlifíṣọ̀n ti kú, ká lọ ra òmíràn. Tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ fi wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà!

Kútọ̀ Lèmi: Owó yín ló fẹ́ jẹ.

Àtúnṣe Pánséke: Mọ́mì, tẹlifíṣọ̀n yín ò kú. HDMI, wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, ni ẹ fi so rísífà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àbí? Yẹ́lò ni fídíò sì fi wọ inú rísífà. Rísífà púpọ̀ ni kì í sọ yẹ́lò di HDMI. Ẹ fa yẹ́lò mìíràn láti MONITOR OUT, ihò àwòrán lẹ́yìn rísífà, lọ sára tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá fi rimóòtù mú AV.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rọ̀: Ihò yẹ́lò dà lára tẹlifíṣọ̀n òde òní?

Ará Adátán: Ó ti di ihò kékeré kan tí wọ́n kọ AV sí lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ tún inú páálí wò, wáyà rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rọ̀: Ó wà níbẹ̀!!! Mo ti rí i. Ọlọ́run á bù kún yín.

Ọbáńtokò Kejì: Tèmi ni díkódà. Mo fẹ́ gba ètò kan sílẹ̀, HDMI ni díkódà fi wọ rísífà. DVD yí títí ètò fi parí, òfo ló gbà. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn.

Àtúnṣe Pánséke: Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ rísífà, ohun tó bá gba HDMI wọlé kì í jáde ní REC OUT. Ẹ fa yẹ́lò, pupa àti funfun láti ara díkódà pẹ̀lú, kí ẹ sì yan ihò yẹn.

Kútọ̀ Lèmi: Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dí i ni. HDCP ni wọ́n ń pè é, àgádágodo tí wọ́n fi sínú HDMI kí èèyàn má bàa dà á kọ. Èmi tí mo fi owó mi ra fíìmù, kí ló dé tí n kò lè dà á kọ?

Ará Adátán: Àwọn tó ṣe fíìmù náà ńkọ́? Ṣé o mọ iye èèyàn tí ayédèrú sọ di onígbèsè láyé kásẹ́ẹ̀tì?

Kútọ̀ Lèmi: Mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ará Adátán: Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọbáńtokò Kejì: Ẹ̀yin méjèèjì, ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fẹ́ gbà o.

Màmá Òkè-Ìlèwó: Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, àwòrán ń yí bírí, kò sí àwọ̀ rárá. Kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́ ni?

Àtúnṣe Pánséke: Kò bàjẹ́, mà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìlà to àwòrán tẹlifíṣọ̀n ló yàtọ̀: NTSC ni tiwọn, ìlà 525. PAL ni tiwa, ìlà 625. Ẹ wá ẹ̀rọ fídíò tó ń ka méjèèjì, kí tẹlifíṣọ̀n náà sì gbà á.

Ìbàrà Tuntun: Ṣé ti ẹlòmíràn náà ń kùn hùùù? Látìgbà tí mo ti so tépù mọ́ rísífà ni. Aládùúgbò mi ní kí n gé ẹsẹ̀ òkè púlọ́ọ̀gù kúrò, ó ní ti òun dákẹ́ lẹ́yìn tó gé e.

Àtúnṣe Pánséke: Ẹ MÁ GÉ E. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ bí wáyà kan bá já kan ara ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gé e, ara yín niná máa gbà kọjá. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà díṣì lẹ́yìn díkódà. Bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wá, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín wáyà ohùn tó ti ara díkódà wá sí rísífà. Kí ẹ sì so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ extension kan ṣoṣo.

Màmá Òkè-Ìlèwó: Ẹ bá mi sọ fún aládùúgbò yẹn kó ra púlọ́ọ̀gù tuntun. Ọmọdé wà nílé o.

Ìbàrà Tuntun: Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ti ń lò ó ọjọ́ pẹ́.

Màmá Òkè-Ìlèwó: Ẹ tún un sọ.

Bàbá Sápọ́n: Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Àwo Àyìnlá Ọmọwúrà ni mo ń gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì ní tèmi. Ihò PHONO ni ẹ̀rọ àwo gbọ́dọ̀ wọ̀. Nínú AUX, ihò tó wà fún ẹ̀rọ míì, ohùn á tín-ín-rín bí ẹni tébi ń pa, torí PHONO nìkan ló ń gbé ohùn àwo sókè. Ẹ má sì ki tépù bọ PHONO, ohùn á fọ́ yánkanyànkan.

Ará Adátán: Àwọn kan ti fi iṣẹ́ PHONO sínú ẹ̀rọ àwo fúnra rẹ̀, bàbá. Irú ìyẹn á wọ AUX dáadáa.

Bàbá Sápọ́n: Tèmi ò ní i. Ọmọ Ìtòkò wa ni Àyìnlá, láti 1980 tó ti lọ, kò tíì sí ẹni tó kọ àpàlà tó o.

Ìjẹ̀bú Nílé Ẹ̀gbá: Bàbá, ẹ dákun, Hárúnà Ìṣọ̀lá ńkọ́?

Bàbá Sápọ́n: Ta ló ní kí Ìjẹ̀bú wọlé?

Ọmọ Ìtòkò: Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fa wáyà tán, àwòrán ti dé. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí nǹkan funfun hù lára tépù inú rẹ̀, ìsìnkú Màmá àgbà ni.

Àtúnṣe Pánséke: Èbu ni, bí irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì. Ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, á ba orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì jẹ́, á sì kó ran àwọn yòókù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó nù ún.

Ìjẹ̀bú Nílé Ẹ̀gbá: Mo ṣì dúró lórí Hárúnà o.