Ọjọ́ márùn-ún ní Swítsàlandì pẹ̀lú Màmá: ẹ gbà mí o

Ìyá Kẹ́hìndé (Peckham):
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti dé Swítsàlandì rí, kó dá mi lóhùn kílẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́bọ̀ la ń gbéra, èmi, àwọn ọmọ méjèèjì àti màmá mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Físà ti jáde, a ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú dé Zurich, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ibi tí mo ń kó wọn lọ! Ẹnì kan ní Interlaken, òmíràn ní Zermatt, ẹnì kẹta ní kí n má kúrò ní Lucerne. Páàsì rélùwéè kan, Swiss Travel Pass, sì wà lójú fóònù mi báyìí, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kí n rà á? Ẹni ọdún 74 ni màmá, orúnkún wọn kò gba òkè.

Bọ̀dá Ṣínà (Manchester):
Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lójú fóònù yẹn ná! Lọ́dún tó kọjá mo ra páàsì yẹn fún ẹni mẹ́rin, mo gbà pé ó máa gbé wa dé orí òkè Jungfraujoch láìsan nǹkan kan mọ́. A dé Grindelwald, ọkùnrin tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ibẹ̀ ni agbára páàsì wa parí sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ìdámẹ́rin owó nìkan ni wọ́n ń yọ fún wa. Mo san án, torí àwọn ọmọ ti ń wojú mi. A dé òkè, 3,454 mítà, kùrukùru funfun bolẹ̀ bámúbámú. Mo na ọwọ́ síwájú, díẹ̀ ló kù kí n má rí ìka mi. Aletsch tí a torí ẹ̀ lọ, yìnyín tó gùn jù lọ ní gbogbo Alps, a ò rí i rárá. A mu tíì, a sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Ṣágámù (Dublin):
Bọ̀dá Ṣínà, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe. Kámẹ́rà wà lórí òkè yẹn, tọ̀sán-tòru ló ń gbé bí ojú ọjọ́ ṣe rí jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá ti wò ó kẹ́ ẹ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bọ̀dá Ṣínà:
Àbúrò, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún wa. Ká ní mo wò ó, níbo ni kí n tún kó wọn lọ? Ohun tó dùn mí ni owó. Ẹni tó ta páàsì fún mi kò la ẹnu sọ ibi tó ń parí sí.

Ọmọ Ṣágámù:
Ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń tà á. Ibi tí ìlà bá ti di gígé-gígé, páàsì ti tán níbẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀dá Ṣínà:
Ta ló ń wo ìlà gígé-gígé láago kan òru tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ méjì?

Àǹtí Rónkẹ́ (Zurich):
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ibí ni mò ń gbé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ rí i sọ. Ẹni tó bá ní ọjọ́ márùn-ún, kó má dá ọjọ́ òkè. Kó jí, kó wo kámẹ́rà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, kó gbéra, bí kò bá mọ́, kó lọ síbi omi.

Ìyá Kẹ́hìndé, ní ti màmá, Jungfraujoch kọ́ ni màá mú wọn lọ. Ẹ mú wọn lọ sí òkè Rigi. Láti Lucerne, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Vitznau, rélùwéè eléyín (tó ń fi eyín irin di ojú irin mú gun òkè) ń dúró dè yín lẹ́bàá omi. Láti 1871 ló ti ń gun òkè yẹn, òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Yúróòpù. Kò tíì tó 1,800 mítà, màmá á jókòó sídìí fèrèsé títí dé òkè, ẹsẹ̀ wọn ò ní kan àtẹ̀gùn. Páàsì tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn gbé gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ omi àti rélùwéè. Ẹ gba káàdì ìdílé mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ni; ọmọ tí kò tíì pé 16 á bá yín wọkọ̀ láìsanwó.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ (Birmingham):
Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ ní 3,400 mítà. Ṣé màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìyá Kẹ́hìndé:
Wọ́n ní in, wọ́n ń lo oògùn.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́:
Ẹ bi dókítà wọn kí ẹ tó gbé wọn dé ibi gíga kankan. Oògùn kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Àpótí tèmi ṣáko lọ fún ọjọ́ méjì nígbà tí mo ń lọ sí Ítálì, oògùn bàbá mi ló wà nínú ẹ̀. N kò sùn.

Alhaji (Leeds):
Ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ háyà mọ́tò, ẹ má gbọ́. Ilẹ̀ Faransé ni mo ti háyà tèmi, mo wọ Swítsàlandì láìra sítíkà owó títì márosẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Fráǹkì 40 péré ni, ọdún gbáko ló sì ń lò. Wọ́n dá wa dúró lójú títì márosẹ̀, mo san ìtanràn 200 fráǹkì, mo tún ra sítíkà lé e. A wá wà á títí dé ọ̀nà Zermatt, wọ́n ní mọ́tò elépo kì í wọ ìlú yẹn, ká gbé e kalẹ̀ ní Täsch ká wọ rélùwéè. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkè Matterhorn yọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn kan ṣóńṣó orí rẹ̀, ó pọ́n bí epo pupa. Mo dúró síbẹ̀ títí omi gbígbóná tí mo gbé lọ́wọ́ fi tutù.

Ẹ tún rántí pé ọjọ́ Àìkú á bá yín níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ò ní ṣí, àfi èyí tó wà nínú ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá. Ẹ má sì di ẹran láti London o. Ìyàwó mi di ẹran gbígbẹ, àwọn aṣọ́bodè gbà á lójú wa.

Bọ̀dá Ṣínà:
Ibi kan wà tó pa ìbànújẹ́ mi rẹ́ nínú ìrìn àjò yẹn: Lauterbrunnen. Omi Staubbach ń já bọ́ láti ibi tó tó 300 mítà, atẹ́gùn á gbá a kó tó dé ilẹ̀, á di bí èéfín. Ojú ọ̀nà lẹ ti máa rí i, kò sí òkè tí màmá fẹ́ gùn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ṣágámù:
Ẹni tó ń gbé Manchester tún ń lọ wo omi tó ń já láti òkè! Ṣé òjò tilé ò tó ni?

Bọ̀dá Ṣínà:
Dublin náà ń sọ̀rọ̀ òjò. Ẹ wá gbọ́ o.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ẹ fi òjò sílẹ̀. Omi ibí lẹ bá ń bèèrè. Zurich nìkan ní ẹ̀rọ omi ìta tó lé ní 1,200, èèyàn ń mu ún láìsan kọ́bọ̀. Ẹ gbé ike omi dání. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá mi fi gàrí ránṣẹ́ sí mi láti Ìpẹru, ìdí ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí. Mo bu gàrí sínú abọ́ onírin, mo gbé e sábẹ́ omi. Omi yẹn tutù débi pé gàrí kò tètè wú. Ó ń ró lábẹ́ eyín mi, kíkan rẹ̀ fà mí létí. Ìyá òyìnbó kan dúró, ó ní kí ni mò ń jẹ tí mò ń sunkún. Mo fún un ní ṣíbí kan.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́:
Àǹtí Rónkẹ́, ẹ ti dá mi lóró. Ewùrà tí mo rà níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rín in, kò fà rárá. Ìkọ́kọrẹ́ mi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Alhaji:
Ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣàn. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ lẹ ń bù omi sí i.

Ọmọ Ṣágámù:
Alhaji! Ìyá mi ń se ìkọ́kọrẹ́ ní Màkún kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹja gbígbẹ ńkọ́, pọ̀nmọ́ ńkọ́?

Alhaji:
Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti rí Ojúde Ọba sójú kẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ń dún nílẹ̀ ìta ààfin, tí àwọn régbérégbé ń tò kọjá nínú aṣọ wọn, kò sí òkè òyìnbó tó jọ ọ́ lójú mi. Ta ló ń lọ Iléyá tó ń bọ̀?

Ìyá Kẹ́hìndé:
Ẹ jọ̀ọ́, páàsì yẹn ńkọ́? Wọ́n ní káàdì kan tún wà tó ń gé owó ọkọ̀ sí méjì. Èwo ló sàn fún ọjọ́ márùn-ún?

Bọ̀dá Ṣínà:
Alhaji, mò ń lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ ra aṣọ ẹgbẹ́.

Ìyá Kẹ́hìndé:
Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mò ń kà á fún wọn. Wọ́n ní ibi tí omi tútù bẹ́ẹ̀ wà, kí n tètè gbé wọn débẹ̀. Wọ́n ti di gàrí kóńgò méjì sínú àpótí.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kóńgò kan lé e. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mò ń dúró dè yín ní Lucerne, létí omi, níbi tí ọkọ̀ Vitznau ti ń gbéra.