Ọwọ́ tí kò tẹ ara rárá ló mú kí èjìká mi sọ̀ kalẹ̀

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn tí màmá mi jáde ní ọsibítù, ìgbà tó yẹ kí n sinmi gan-an ni oorun kọ̀ tí kò wá. Èjìká mi á ga sókè bíi ti ẹni tó ń retí ẹgba, mo sì máa ń payín keke lójú oorun. Dókítà yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò sí àrùn kankan, másùnmáwo ni.

Mo ti ṣe masáàjì alágbára rí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ mí ni ara mi ń le sí i. Èyí tó wá bá mi lára mu ni wọ́n ń pè ní craniosacral, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ti ń rọra fọwọ́ kan orí àti ẹ̀yìn èèyàn, tí John Upledger ará Amẹ́ríkà sọ di olókìkí. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn tó ń ṣe é pé kí ọwọ́ wọn má wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ.

Aṣọ mi wà lọ́rùn mi. Obìnrin tó ṣe é fún mi tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kàn mí, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ orí mi, ó sì dúró. Ó pẹ́ gan-an kí inú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ní ohun tí òun ń retí nìyẹn: bí ara bá ti múra àtijà tàbí àtisá, ẹ̀jẹ̀ á kúrò níbi ìfun lọ sí ẹsẹ̀ àti apá, bí ìfun bá tún ń ṣiṣẹ́, ara ti ń dẹ̀ nìyẹn. Mo mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi láìjẹ́ pé mò ń ro nǹkan kan.

Àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé àwọn ń fọwọ́ mọ bí omi inú ọpọlọ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìwádìí ò tíì fìdí ìyẹn múlẹ̀. Ohun tí ìwádìí gbè lẹ́yìn ni pé iṣan ìmọ̀lára kan wà lábẹ́ awọ tó nírun, C-tactile, tó máa ń jẹ́ ìpè jù bí wọ́n bá rọra fọwọ́ pa á, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Jẹ́ẹ́jẹ́ lágbára!

— Ẹ kú àmójúbà màmá, ẹ̀gbọ́n. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni tèmi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ẹ̀yìn ọrùn mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni olùtọ́jú mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gòkè, mo ní rárá, ó sì yọwọ́ kíá. Rárá yẹn tó gbọ́ ṣe mí lóore ju gbogbo ohun tó fọwọ́ ṣe lọ.

— Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forí gbá nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ọpọlọ rẹ̀, kó má ṣe èyí o. Dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ kejì? Ó rẹ èmi tẹnutẹnu.

— Ó rẹ̀ mí, àbúrò mi. Mo sùn títí di ọ̀sán.