Ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ tí kò mú yàrá tutù mọ́: ṣé gáàsì ni, àbí ìdọ̀tí?

Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà nínú yàrá màmá mi tó ti pẹ́ gan-an, irú èyí tí apá kan rẹ̀ wà lára ògiri nínú ilé, tí apá kejì sì wà níta. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ kò ti tutù mọ́, omi sì ń kán láti ara rẹ̀ sórí ògiri. Oníṣẹ́ tí a pè sọ pé gáàsì rẹ̀ ló tán, àti pé ọdọọdún ló yẹ kí a máa rọ òmíràn sí i. Màmá ti dàgbà, ooru òru kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa. Ṣé mo lè fọ ẹ̀rọ náà fúnra mi kí n tó náwó lórí gáàsì, níbo ni kí n sì ti ṣọ́ra?

Atẹ́rọṣe, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san owó gáàsì. Gáàsì ẹ̀rọ yìí kì í tán bí epo ọkọ̀ ṣe ń tán. Inú páìpù tí a dí pa ló ti ń yípo, tó ń gba ooru inú yàrá, tó sì ń lọ tú u dànù níta. Bí ó bá dínkù, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan, ẹni tó bá sì ń rọ òmíràn sí i láìwá ojú ibi tó ń jò kò tíì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń lo gáàsì R-22, tó ń ba ìpele ozone jẹ́ (ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ òkè tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu), tí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Montreal ọdún 1987 àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ sì ń mú kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò yẹ kí a máa tú u sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún.

Omi tó ń kán yẹn ló jẹ́ kí n fura sí ìdọ̀tí. Etí ọ̀sà la wà, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, ó sì máa ń di omi lára páìpù tútù inú ẹ̀rọ kí ó tó gba ọ̀pá kékeré kan jáde síta. Bí eruku àti èérí bá dí ọ̀pá yẹn, inú ilé ni omi yóò máa kán sí.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná ẹ̀rọ náà níbi tí ẹ ti ń pa iná ilé, kì í ṣe pẹ̀lú rìmóòtù nìkan. Ẹ ṣí ìdérí iwájú, ẹ yọ asẹ́ rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a síbi òjìji títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá àwọn awẹ́ aluminiọmu tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn asẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí wọn kì í pẹ́ tẹ̀. Ẹ má fi jáfẹ́ẹ̀lì (omi tí a fi ń mú aṣọ funfun) kàn wọ́n rárá, ó máa ń jẹ aluminiọmu. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀pá omi níta.

Ẹ má ṣí ibi tí wáyà wà. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́, tó sì lè gbé ènìyàn lẹ́yìn tí ẹ ti paná tán.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ má gbàgbé apá ti ìta. Eruku pupa Kétu a máa bò ó ní àsìkò ọyẹ́ débi pé ooru kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. A máa ń fi omi tí kò lágbára ṣàn án, a kì í sì í kó ẹrù tì í.

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Asẹ́ náà ti dí pátápátá. Omi ń gba ìta jáde báyìí, yàrá sì ti tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ń dì sí apá kan páìpù inú ilé.

Atẹ́rọṣe

Bí asẹ́ bá mọ́, tí fáànù sì ń fẹ́ dáadáa, tí yìnyín ṣì ń dì, ó ṣeé ṣe kí gáàsì dínkù lóòótọ́. Ẹ pa á kí yìnyín yọ́. Kí oníṣẹ́ fi ìfófòó ọṣẹ wá ibi tó ń jò níbi tí páìpù ti so pọ̀, kí ó dí i lójú yín, kí ó tó rọ gáàsì kankan sí i.