Náírà 100 oní-QR bọ́ sí mi lọ́wọ́: ṣé kí n tọ́jú ẹ̀ ni, àbí kí n ná an?

Alákẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ṣéńjì ni mo ti rí náírà 100 ti ọdún 2014, èyí tó ní QR (àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà) lára. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 345543. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ṣé ó níye lórí? Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí ìlà náà lè parẹ́?

Akówójọ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́! Ẹ fi èékánná ha àwòrán Awólọ́wọ̀ wò: yíǹkì ibẹ̀ wú díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù á tẹ wíwú yẹn pa, ẹni tó mọ owó á sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

Ní ti 2014 yẹn, torí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n da Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nígboro. Nọ́ńbà yín ló dùn mọ́ mi: bẹ́ ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn, bákan náà ni. Síbẹ̀, nínú mílíọ̀nù kan, irú ẹ̀ tó nǹkan bí 1,000. 777777 àti ẹgbẹ́ ẹ̀, mẹ́sàn-án péré ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Bàbá Ìbejì: Ẹ wo lẹ́tà iwájú nọ́ńbà náà. Bó bá jẹ́ DZ, owó arọ́pò ni. Òun ni wọ́n fi ń dípò èyí tó bàjẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Kì í pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ló máa yọ. Ìṣẹ́po kan ṣoṣo ti tó láti mú un kúrò nínú owó tuntun.

Alákẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Ta ni mo lè tà á fún?

Akówójọ: Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Òfin CBN ti 2007, abala 21, ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní náírà 50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ kàn tọ́jú ẹ̀ ni.

Bàbá Ìbejì: Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀, ẹ yẹra fún náílọ́ọ̀nù PVC, torí ó máa ń làágùn, á sì lẹ̀ mọ́ owó. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi polyester ṣe ni kí ẹ wá. Ẹ má fi sẹ́lòtéèpù kàn án. Etí ni kí ẹ ti máa dì í mú, torí òróró ọwọ́ ń ba bébà jẹ́.